Facelift, abẹ́rẹ́ tàbí ìpara: èwo ló bá ojú yín mu lẹ́yìn àádọ́ta ọdún?

Ní ọjọ́ Sátidé, láti aago márùn-ún ìdájí, ọwọ́ mi kì í kúrò lójú àwọn ìyá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kunjú, kí n sì máa wé gèlè fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó káàkiri Àkúrẹ́, láti Ìjàpọ̀ dé ọ̀nà Ọ̀dá, nígbà mìíràn títí dé Oǹdó. Ó ti lé ní ogún ọdún. Mo ti mọ̀ pé tí mo bá fa gèlè le dáadáa níbi ẹ̀bátí, ojú ìyá ìyàwó á gòkè díẹ̀, ìpéǹpéjú á là, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á nà. Á rẹ́rìn-ín sí dígí. Tó bá tú gèlè lálẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà síbi tó wà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Àǹtí, ṣé kò sí èyí tí wọ́n máa fà tí kò ní tú mọ́?"

Ó wà. Facelift ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ojú sókè. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí, ohun tó ń dùn wọ́n kọ́ ni facelift ń tún ṣe, owó ńlá ni wọ́n sì fẹ́ kó lé e. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ojú ni mò ń wò láti sún mọ́ ọn, mo sì ti sin oníbàárà méjì lọ rí dókítà ní Èkó. Mo jókòó tì wọ́n, mo gbọ́ àlàyé, mo béèrè títí tí nọ́ọ̀sì fi ń wò mí bákan.

Ẹ kọ́kọ́ fi dígí dán an wò

Ẹ nu ojú mọ́, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ gbé dígí sókè kó bá ojú yín dọ́gba, torí bí ẹ bá tẹrí ba wò ó, ojú ọmọ ogún ọdún pàápàá á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi fóònù sílẹ̀. Tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú jù, ó máa ń mú kí imú tóbi ju bó ṣe rí lọ. Wàyí o, ẹ fi ìka méjì lé iwájú etí, kí ẹ rọra fa awọ sẹ́yìn, sí òkè díẹ̀.

Bí ohun tó ń bí yín nínú bá parẹ́, ìyẹn ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n, ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu lọ sísàlẹ̀, ọrùn tó ti dẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni facelift wà fún.

Bó bá jẹ́ dúdú tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, tàbí àwọn kókó dúdú kéékèèké tó máa ń tò sábẹ́ ojú lẹ́yìn ogójì ọdún, fífà ò ní yí i padà. Ẹ lè fa ojú títí dé ìpàkọ́, àwọn kókó náà á kàn bá a sún sẹ́yìn ni. Dókítà awọ ara ló ni ìyẹn.

Bí ẹ bá fà á tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá jìn sí i, ọ̀rá ojú ló ti tán lábẹ́ awọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ń rántí eyín. Eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, títí kan eyín èèrìgì, ló ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró látinú. Tí wọ́n bá ti yọ mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀ láìfi nǹkan dípò, egungun párì tó gbé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì wọlé. Oníbàárà mi kan ní Alágbàká ti ń ṣírò owó abẹ́ nígbà tí dókítà eyín sọ fún un pé àlàfo márùn-ún ló wà lápá òsì ẹnu rẹ̀. Ó ṣe eyín àtọwọ́dá. Nígbà tí mo tún kun ojú rẹ̀, mi ò nílò àwọ̀ tí mo máa ń fi tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ṣe mọ́.

Bó bá sì jẹ́ ìlà iwájú orí àti ti àárín ojú méjèèjì nìkan ni, tó máa ń hàn nígbà tí ẹ bá fa ojú ro, iṣan tó ń sún awọ ló fà á. Botox, abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan sinmi, ló mọ ìyẹn.

Ojú tiwa kì í gbó bí ti òyìnbó, ẹ má jẹ́ kí fídíò orí fóònù tàn yín. Dúdú ara wa ń gba oòrùn dúró, nítorí náà ìhunjọ wẹ́wẹ́ máa ń pẹ́ kó tó dé. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn lára wa ni àbàwọ́n dúdú, àwọn kókó yẹn, àti àárín ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá sì dúró, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 collagen tó ń mú awọ le ló máa ń lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin kan fi lè wà bákan náà láti ẹni ogójì títí dé àádọ́ta, kí gbogbo rẹ̀ wá yí padà láàárín ọdún méjì.

Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ohun tó ń tún ṣe | Bó ṣe ń pẹ́ tó | Ìgbà tí ẹ ò ní lè jáde |
|---|---|---|---|
| Facelift | Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, àgbọ̀n, ọrùn tó dẹ̀ | Bí ọdún 7 sí 10 | Ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán |
| Botox | Ìlà iwájú orí, àárín ojú, ẹ̀gbẹ́ ojú | Oṣù 3 sí 4 | Kò sí |
| Filler, abẹ́rẹ́ tó ń kún ojú | Ibi tó jìn, tí ọ̀rá ti tán | Oṣù 6 sí 18 | Ọjọ́ mélòó kan, bó bá wú |
| Òwú tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ | Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀ | Bí ọdún 1, nígbà mìíràn díẹ̀ sí i | Ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ 1 |
| Ìpara àti dókítà awọ | Àbàwọ́n, àwọ̀ tí kò dọ́gba, awọ tí kò jọ̀lọ̀ | Bí ẹ bá ń lò ó lọ | Kò sí |

Ọ̀rọ̀ òwú ò gùn lẹ́nu mi. Wọ́n á ti òwú tó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sábẹ́ awọ, wọ́n á fi fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè. Òwú ọ̀hún á yọ́ bó bá yá. Ìwọ̀nba ló ń gbé sókè, ó sì lè mú kí awọ súnkì síbì kan. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sọ̀ dáadáa kò ní rí i lára. Bí ẹ bá fẹ́ fara da abẹ́rẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú ronú sí facelift gangan.

Facelift àti abẹ́rẹ́: ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé facelift ni "èyí tó tóbi", abẹ́rẹ́ sì ni "èyí tó kéré", pé kí àwọn fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀ ná. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò jọra rárá. Botox kì í gbé nǹkan sókè. Ńṣe ló ń mú iṣan sinmi kó má baà hun awọ pọ̀. Filler máa ń kún ibi tó jìn. Bí ẹ bá ń da filler sójú tó ti dẹ̀ kí ó lè gòkè, ẹ ó máa fi kún un, ẹ ó máa fi kún un, títí ojú á fi wú bí ti ẹni tí oyin ta. Mo ti kun irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àwọ̀ tó lè bò ó.

Abẹ́rẹ́ ní ire tirẹ̀: bí Botox ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, yóò lọ fúnra rẹ̀. Filler tí wọ́n fi hyaluronic acid ṣe, oògùn wà tó ń yọ́ ọ. Ewu filler ni pé bó bá ṣèèṣì bọ́ sínú òpó ẹ̀jẹ̀, awọ ibẹ̀ lè kú, ojú sì lè fọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó gún yín, ẹ bi wọ́n: "Oògùn tó ń yọ́ ọ dà? Ẹ jẹ́ n rí i." Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ẹ gbé báàgì yín. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní èyí tí kì í yọ́ láéláé, ẹ má dúró gba ìdáhùn.

Ẹnì kan ti ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí fún ọjọ́ méjì, kí n máa fi kún iṣẹ́ ojú kíkùn. Mo kọ̀. Ọwọ́ mi mọ ojú lókè, kò mọ ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ gbà lábẹ́. Síbẹ̀, ó dájú pé àwọn kan gbà, wọ́n sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí.

Facelift ní tirẹ̀: wọ́n á gé láti inú irun ẹ̀bátí, kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú etí, kó yí ìsàlẹ̀ etí ká, kó wọnú irun ìpàkọ́. Láyé àtijọ́, awọ nìkan ni wọ́n ń fà. Ọdún 1901 ni oníṣẹ́ abẹ kan ní Berlin, Eugen Holländer, ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́. Awọ nìkan kì í pẹ́ kó tó dẹ̀ padà, ó sì máa ń mú ojú dà bíi pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Láti ọdún 1976, tí Mitz àti Peyronie, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé awẹ́ tó wà láàárín awọ àti iṣan ojú, àwọn dókítà wá mọ̀ pé awẹ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n gbé sókè, kí awọ kàn tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ bi í bóyá awọ nìkan ló máa fà tàbí awẹ́ ìsàlẹ̀ náà. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ń fi púpọ̀ hàn.

Ewu rẹ̀ náà wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dúró sábẹ́ awọ, pàápàá láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Wọ́n ní láti tètè tú u jáde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wà nínú ewu yìí ju ẹlòmíràn lọ. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní nerve, tó ń darí ẹnu àti ìpéǹpéjú, lè fara gbọgbẹ́. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ etí ò ní mọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fín aásà gbọ́dọ̀ jáwọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, torí tábà ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, awọ tí wọ́n gé lè kú. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò: aspirin, àgbo, ayù, epo ẹja, torí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù. Ẹ má sì dá aspirin tí dókítà ọkàn fún yín dúró fúnra yín.

Àwa tí a ti dàgbà rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ, kú ní Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ti ojú kọ́ ni wọ́n ṣe fún un, ọ̀rá ara ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ abẹ fún àwọn oníbàárà mi kan, orúkọ yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun tí ìwé òyìnbó kì í kọ fún wa

Ẹ wo ìsàlẹ̀ etí yín, níbi tí wọ́n ti lù ú. Ẹ wo apá, níbi abẹ́rẹ́ BCG. Bí àpá ibẹ̀ bá ga, tó ń dán, tó tàn kọjá ojú ọgbẹ́ gangan, keloid nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ etí, níbi tí abẹ facelift ń gbà gan-an, jẹ́ ibi tí keloid fẹ́ràn, ó sì wọ́pọ̀ lára wa ju lára òyìnbó lọ. Bí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní i, ẹ sọ fún dókítà kó tó béèrè.

Irun ńkọ́? Inú irun ẹ̀bátí ni wọ́n ń fi ojú abẹ pamọ́ sí. Mélòó nínú wa ló ṣì ní irun níbẹ̀? Dídì líle, wíìgì, àti, kí n má purọ́, gèlè tí èmi náà ń fà, ti jẹ irun iwájú ọ̀pọ̀ obìnrin. Bí irun ẹ̀bátí bá ti lọ, ojú abẹ á wà ní gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo sìn lọ, ohun tó dá a dúró nìyí: dókítà ṣí wíìgì rẹ̀ sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní kí ó lọ tọ́jú irun ná, kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan.

Ilà ojú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó kọ pélé, tàbí ilà Oǹdó tó gùn kalẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, yẹ kó mọ̀ pé bí awọ bá ti gòkè, ilà á bá a lọ. Èyí tó dúró ṣánṣán lè wá fì sẹ́yìn. Ẹ ní kí dókítà fi bíírò yà á sójú yín kí ẹ rí ibi tí ilà máa dé. Àwọn kan ò ní bìkítà. Ẹlòmíràn, ilà yẹn ni bàbá rẹ̀.

Ìpara tó ń bó ara náà kàn wá. Mákúrì, èròjà olóró tí wọ́n ń fi bó ara, NAFDAC ti fòfin dè é nínú ìpara, síbẹ̀ ìpara àpòpọ̀ tí kò lórúkọ ṣì ń rìn. Èyí tí wọ́n fi steroid sí máa ń mú awọ fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jiná lára awọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún oníṣẹ́ abẹ. Àní bí ẹ ò bá tiẹ̀ ṣe abẹ, ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀: ẹ jáwọ́ nínú ìpara abóra, lábẹ́ ojú dókítà awọ bí ẹ bá ti lò ó pẹ́, ẹ máa fi sunscreen, ìpara tó ń gba oòrùn dúró, SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pa ojú láràárọ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sí Ọjà Ọba látàárọ̀ dalẹ́. Ìpara tretinoin tí dókítà bá kọ fún alẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ní sùúrù oṣù mélòó kan, àmọ́ kì í ṣe fún aláboyún.

Ọ̀nà Èkó àti owó

Mi ò ní dárúkọ iye, torí kò dúró sójú kan. Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ fún oníbàárà rèé. Botox á ná yín ní ìrìn-àjò mẹ́ta lọ́dún. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìgbà ni ẹ máa gba Òrè kọjá sí Èkó, nǹkan bíi 300 kìlómítà lálọ nìkan. Facelift, owó rẹ̀ wúwo lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn-àjò rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń gún Botox lọ́dọọdún, tí ọrùn rẹ̀ sì ti dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lè ná tó owó facelift tán kó má tíì rí ohun tó ń wá.

Àmọ́ ẹ ṣírò ohun tí kò sí nínú iye tí wọ́n pè: àyẹ̀wò, dókítà tó ń kunni lóorun, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, ilé tí ẹ máa dé sí. Ẹ má gbé ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán gba kòtò ọ̀nà padà wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró nítòsí dókítà títí wọ́n á fi yọ òwú tí wọ́n fi rán ojú abẹ, bí ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹni tí kò ní máa ya fọ́tò yín. Ẹ máa sùn pẹ̀lú orí gíga. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù, ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kódà ìforíbalẹ̀ àdúrà, ẹ bi dókítà. Ẹ má sì pè mí wá wé gèlè fún yín kó tó fọwọ́ sí i, torí orí ojú abẹ gan-an ni gèlè ń dì mọ́.

Bí ìgbéyàwó ọmọ bá wà ní Oṣù Kejìlá, ẹ má ṣe é ní Oṣù Kọkànlá. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán.

Ọwọ́ ta ni abẹ máa wà?

Ẹ béèrè orúkọ dókítà ní kíkún, kì í ṣe orúkọ ilé ìwòsàn. MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. FWACS tàbí FMCS lẹ́yìn orúkọ túmọ̀ sí pé ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ parí, àmọ́ oníṣẹ́ abẹ ikùn náà lè ní i, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka plastic surgery, iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, ni. NAPRAS ni ẹgbẹ́ wọn. UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì ní ẹ̀ka náà, Ìbàdàn sì sún mọ́ wa ju Èkó lọ. Ẹ lè lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀ ṣáájú, kódà bó bá jẹ́ ibòmíràn lẹ máa ti ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ dúdú bíi tiyín hàn yín, ṣáájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀yìn etí wọn. Ẹ̀yìn etí ló ń sọ òótọ́.

Oníbàárà mi kejì ṣe facelift náà. Ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀ lẹ́yìn tó dín ìsanra kù ní bíi kìlógíráàmù 25, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru, kò sẹ́ni tó ní keloid nílé wọn, ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ní Èkó. Lójú mi, ó dára. Ó ní òun ò kábàámọ̀, àfi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó wo dígí tó sì sunkún.

Èmi alára ti pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń sọ̀, mo mọ̀, mo ń rí i lójoojúmọ́ nínú dígí àwọn oníbàárà. Àmọ́ keloid wà ní etí mi ọ̀tún láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi náà ní tirẹ̀. Mo ti pa facelift tì. Àwọn kókó dúdú abẹ́ ojú mi ni mo fẹ́ kí wọ́n yọ. Dókítà awọ ní ibẹ̀ lè dúdú sí i tàbí kó funfun ju awọ yòókù lọ, nítorí náà ẹyọ kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì la máa kọ́kọ́ yọ lóṣù tó ń bọ̀. A ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.